Ọkọ̀ Ẹ̀dínwó

Kò sí èéfọ́ gíláàsì nílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà lóminú nìyẹn. Ibi tí ọkọ̀ háyà náà sùn sí lábẹ́ igi, nínú ọgbà òtẹ́ẹ̀lì kékeré yẹn, mọ́ bí ẹni gbálẹ̀: ojú ẹsẹ̀ táyà lórí erùpẹ̀, ewé gbígbẹ díẹ̀, àti ibi tí ẹ̀kán epo kan ti ń gbẹ. Ẹni tó gbé ọkọ̀ náà kò fọ́ ohunkóhun. Ó lo kọ́kọ́rọ́.

Ìyá Gbọ́tán ni wọ́n ń pe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó gba orúkọ náà nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń yára dájọ́: "Jẹ́ kí n gbọ́ tán." Sájẹ́ǹtì tó bá a wá ní tirẹ̀ ti gbọ́ tán kí wọ́n tó dé géètì.

"Ìgárá ni mà," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Gáàdì fi ojú ara rẹ̀ rí wọn. Mo ti ní kí wọ́n dí gbogbo ọ̀nà tó jáde nílùú."

"Wọ́n tó mélòó?"

"Wọ́n pọ̀ mà. Ó ní wọ́n wọlé, wọ́n gbé e, wọ́n lọ."

"Mo ní mélòó."

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀.

Ìyá Gbọ́tán kò ní àkókò láti bá a ṣeré. Obìnrin tó háyà ọkọ̀ náà wà ní àtìmọ́lé lọ́wọ́ yìí. Nọ́ọ̀sì ni, òkè òkun ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì wá síbí láti wá mú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo lọ. Bàálù wọn yóò gbéra ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ìwé tí wọ́n fi gba ọmọ náà wọlé sọ́hùn-ún kò ní í rí ọ̀la. Bí bàálù yẹn bá fi wọ́n sílẹ̀, ìwé di bébà lásán, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọn yóò tún fún un ní òmíràn. Ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ ní nọ́ọ̀sì ló ta ọkọ̀ àwọn. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò nílùú.

Gáàdì òtẹ́ẹ̀lì náà jẹ́ ọkùnrin tó ti ń hewú díẹ̀díẹ̀ létí. Ó fọwọ́ sẹ́yìn nígbà tí ó rí wọn.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá mi."

"Káàárọ̀. Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Má yára."

"Ìdájí ni mà. Wọ́n wọlé, wọ́n kí mi. Wọ́n ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n jókòó sídìí ìwakọ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn ṣí géètì. Mo ṣí i. Wọ́n lọ."

"Ẹ gbọ́ bí mà?" ni Sájẹ́ǹtì wí. "Wọ́n tún ní kó ṣí géètì fún àwọn. Ojú ò tì wọ́n."

"Jẹ́ kí n gbọ́ tán. Ṣé wọ́n nà ọ́?"

"Rárá mà."

"Wọ́n yọ ìbọn sí ọ?"

"Ìbọn kẹ̀? Rárá o."

"Irú aṣọ wo ni wọ́n wọ̀?"

"Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé mà."

"Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?"

"Sálúbàtà. Okùn tẹsẹ̀ òsì ti já, wọ́n fi wáyà so ó."

Ìyá Gbọ́tán yíjú sí Sájẹ́ǹtì. "O gbọ́? Odidi ẹgbẹ́ ìgárá, ṣẹ́ẹ̀tì kan, sálúbàtà kan, gbogbo wọn sì jọ jókòó sórí ìjókòó awakọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn olè wọ̀nyí mà fẹ́ràn ara wọn o."

Sájẹ́ǹtì yíjú sí gáàdì.

"Ẹnì kan ni," ni ìyá náà wí. "'Wọ́n' ọ̀wọ̀ ni gáàdì ń sọ láti àárọ̀, ìwọ ń gbọ́ 'wọ́n' ọ̀pọ̀. O wá kó ọlọ́pàá sójú ọ̀nà kí wọ́n máa wá èrò tí kò sí."

Ó padà sọ́dọ̀ gáàdì, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Àgbà ni ẹni náà. O mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí o fi ṣí géètì fún un. Ta ni?"

"Mi ò mọ orúkọ wọn, mà."

"Mi ò bi ọ́ ní orúkọ."

Gáàdì wo géètì bí ẹni pé géètì ni yóò gbà á sílẹ̀. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ tún ọkọ̀ ṣe ni, pé kó tó mọ́ àwọn á ti dá a padà, kí n má jí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ mọ́, mi ò rí wọn. Nígbà tí ọ̀gá Sájẹ́ǹtì yìí kọ́kọ́ dé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, 'Àwọn olè náà, ṣé o rí wọn?' Kí n tó dáhùn dáadáa, wọ́n ní bí mo bá yí ọ̀rọ̀ mi padà àwọn á tì mí mọ́lé." Ó sún mọ́ ọn. "Ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí n fi ẹnu mi tú ilé onílé ká."

Ìyá Gbọ́tán kò fipá mú un. Ó ti rí i pé ẹni tí wọ́n bá fi ipá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ohun tí afipámúni fẹ́ gbọ́ ló máa ń sọ. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ti ran ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ lẹ́wọ̀n níṣojú rẹ̀ rí. Ó ní kí gáàdì bá wọn ká lọ sí àgọ́, kí ó wá jókòó. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn yẹn kò kúrò létí rẹ̀. Ilé onílé. Olè kì í nílé tí à ń bẹ̀rù láti tú ká.

*

Wọ́n ti gba bàtà àti gèlè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú.

"Ẹ wò ó mà, èmi kì í ṣe òmùgọ̀," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Mo ti háyà ọkọ̀ láwọn ìlú mìíràn. Mo mọ̀ pé ti pápákọ̀ òfúrufú máa ń gunni lówó, pé inú ìlú lèèyàn ti ń rí èyí tó dínwó. Kí n tó gbé e, mo ya fọ́tò gbogbo ibi tó bá họ lára rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo fẹ́ fẹ́ ọkọ̀ náà ni."

"Ta ló júwe ilé iṣẹ́ náà fún ọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ló bá mi gba ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún ẹbí òṣìṣẹ́. Ìdajì owó ni mo san."

"Ìdajì."

"Ìdajì, mà. Wọ́n ní kí n yọ ìnṣọ́ránsì kúrò, pé ìyẹn ló ń gbé owó lérí owó. Wọ́n ní ta ni yóò jí ọkọ̀ nínú ọgbà tó ní gáàdì."

"Kọ́kọ́rọ́ tìrẹ ńkọ́?"

"Abẹ́ ìrọ̀rí ni mo fi sí. Ó wà lọ́wọ́ yín báyìí." Ó wo fèrèsé. Oòrùn ti ń kúrò lójú rẹ̀. "Ọmọ mi ti di ẹrù rẹ̀, mà. Ilé ẹ̀gbọ́n mi ló wà. Ìyàwó wọn ní láti àná ló ti wọ bàtà tí mo rà wá fún un, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

"Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ wà nílùú yìí, òtẹ́ẹ̀lì lo ń sùn?"

"Wọ́n ní yàrá ò tó." Ó sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn.

Ìyá Gbọ́tán jáde. Ó ti rí irú ilé iṣẹ́ háyà bẹ́ẹ̀ rí: wọn yóò fún ọ ní ọkọ̀ ní pọ́ọ́kú, wọn yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ kejì wá jí i gbé láàárín òru, kí wọ́n lè gba owó ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ rẹ. Ọjà tó bá dínwó jù, àfi kéèyàn béèrè ẹni tó ń san ìyókù. Ó ránṣẹ́ pe mánéjà ilé iṣẹ́ náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dé, táì fún un lọ́rùn, ó sì ń làágùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáànù ń yí.

"Màdáámù, ọkọ̀ wa la fẹ́. A ò bá ẹnikẹ́ni jà."

"Kọ́kọ́rọ́ kejì ọkọ̀ náà ńkọ́?"

"Ó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù, ní ọ́fíìsì."

"O rí i lónìí?"

"Ó wà níbẹ̀ lánàá."

"Mi ò bi ọ́ ní tàná."

Mánéjà tú táì rẹ̀ díẹ̀. "Mi ò tíì wò ó, màdáámù."

"Kí ló dé tí ẹ fi ní kí wọ́n ti obìnrin yìí mọ́lé? Òun fúnra rẹ̀ ló wá fẹjọ́ sùn."

"Òfin wa ni. Ẹni tó bá ní ìnṣọ́ránsì, tí ọkọ̀ sọnù, ìnṣọ́ránsì yóò san án, oníbàárà á máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ẹ̀dínwó tí kò sí ìnṣọ́ránsì, kò ní í kúrò nílùú títí a ó fi rí ọkọ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ wa ló mọ̀ ọ́n."

"Oníbàárà ńkọ́, òun náà mọ̀ ọ́n?"

"Ẹni tó bá a gba ẹ̀dínwó ló yẹ kó sọ fún un."

  Ìyá Gbọ́tán ní kí mánéjà bọ́ sí ìta, kí ó fi fóònù béèrè kọ́kọ́rọ́ náà ní ọ́fíìsì. Òun náà tẹ̀ lé e jáde, ó sì jókòó ti gáàdì lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O mọ ọ̀gbẹ́ni tó ń fi fóònù sọ̀rọ̀ yẹn?"

Gáàdì wò ó. "Mi ò rí i rí, mà. Ta ni? Ó ń rìn bí ẹni tí ṣòkòtò ń há."

Ó. Kì í ṣe wọ́n. Ìyá Gbọ́tán fi mánéjà sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ bí ẹni sọ èèpo nù.

Mánéjà padà wá, ojú rẹ̀ ti yí. Kọ́kọ́rọ́ kejì kò sí ní kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ta ló lè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà?"

"Èmi, àti ọ̀gá tó ń mójú tó ọgbà ọkọ̀..." Ó nawọ́ sí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin kan ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó gbé fúláàsìkì tíì àti búrẹ́dì tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù wé dání.

Gáàdì ti dìde dúró kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ó tẹrí ba. "Ẹ káàbọ̀, sà."

Ọkùnrin náà rí gáàdì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró lórí àtẹ̀gùn. Wáyà tíntín kan ló so okùn sálúbàtà òsì rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni Ìyá Gbọ́tán bi gáàdì ní jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì ni, mà. Àwọn ló bá wọn gbé àpótí wọn wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n dé. Wọ́n..." Gáàdì fi ọwọ́ bo ẹnu. Omi yọ lójú rẹ̀.

*

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ̀?" Sájẹ́ǹtì kò fẹ́ gbà. "Mà, ọkùnrin tó bá àbúrò rẹ̀ dín owó kù? Kí ni yóò fi ọkọ̀ jíjí ṣe níbi tó ti ń jẹun?"

"Olè tó jí ọkọ̀, ọkọ̀ ló fẹ́," ni Ìyá Gbọ́tán dáhùn. "Jẹ́ ká wo ohun tí ẹni yìí rí gbà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ sọnù, kí ló ṣẹlẹ̀? Àbúrò rẹ̀ dúró. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló ní kó yọ ìnṣọ́ránsì, òun ló mọ òfin tó wà nídìí rẹ̀, òun ni kò sì sọ ọ́. Ẹ̀dínwó kọ́ ni, Sájẹ́ǹtì. Okùn ni, ó fi so obìnrin náà mọ́lẹ̀."

"Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá..."

"Má parí ẹ̀. Mo ti gbọ́ ìyẹn tán."

Ó mú ọkùnrin náà wọ yàrá kékeré. Ọkùnrin náà kò gbé fúláàsìkì sílẹ̀.

"Ẹ ti wá ọkọ̀ náà dé ibo?"

"Gbogbo ìlú, mà. Mo ti dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ tà."

"Ẹ dé ọgbà ọkọ̀ ilé iṣẹ́ yín?"

"Ọgbà wa?" Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń wá ohun tó sọnù lọ sílé ẹni tó ni ín?"

"Kò sẹ́ni tó ń wá a lọ síbẹ̀. Ìdí tí mo fi bi yín nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ pa ọkọ̀ kan mọ́ fún ọjọ́ kan péré, àárín àwọn ọkọ̀ tó jọ ọ́ ni n bá gbé e sí, ní ẹ̀yìn, lọ́dọ̀ àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn ti kú. N bá sì da aṣọ bò ó."

 Ìyá Gbọ́tán gba fúláàsìkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e kalẹ̀.

"Mi ò jí i," ni ọkùnrin náà wí. "Ọ̀la ni n bá dá a padà."

"Nígbà tí bàálù bá ti lọ."

"Mi ò mọ̀ pé wọn yóò tì í mọ́lé. Mo rò pé wọn yóò kàn ní kó dúró ni. Mo gbé búrẹ́dì wá fún un."

"Mo rí i."

"Ọmọ náà ń rákò nígbà tí àbúrò mi gbé e sí wa lọ́wọ́, mà. Ìyàwó mi ló kọ́ ọ ní rírìn. Ìyàwó mi tí kò bí rí. Ọmọ yẹn ń pè é ní màmá, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ẹ wá ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n máa juwọ́?"

 Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ Ìyá Gbọ́tán náà. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ wá mú un, ó sá sábẹ́ tábìlì, wọ́n sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú fà á jáde láàárín ìyá méjì tó ń sunkún. Títí di òní, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tí òun fẹ́. Kò sì mọ ohun tí òun ì bá sọ.

"Ẹ jẹ́ ká lọ gbé ọkọ̀," ló wí.

*

Ibi tó sọ gan-an ni wọ́n ti bá a, lábẹ́ aṣọ eléruku, láàárín ọkọ̀ méjì tí kò ní táyà mọ́. Nígbà tí ọkùnrin náà wà á dé iwájú àgọ́, wọ́n ti dá bàtà àti gèlè nọ́ọ̀sì padà fún un. Sájẹ́ǹtì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un kí Ìyá Gbọ́tán tó dé, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé òun ló wádìí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì dúró lórí àtẹ̀gùn. Kò pariwo.

"Mo kúnlẹ̀ fún yín," ló sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí ẹ bá mi gba ẹ̀dínwó yẹn, inú ọ́fíìsì, lójú gbogbo èèyàn, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Àbúrò mi."

"Ẹ sì ní kí n dìde. Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá."

Mánéjà wo ara ọkọ̀ yí ká, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ ti dé, ilé iṣẹ́ kò lẹ́jọ́ mọ́, ọkọ̀ sì jẹ́ ti nọ́ọ̀sì títí di ìrọ̀lẹ́ bí àdéhùn wọn ṣe wí. Àmọ́ Sájẹ́ǹtì ti mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde.

"Màdáámù, ọ̀rọ̀ tiyín ló kù. Ẹ wọlé kí a gba ohùn yín sílẹ̀. Lọ́la, ẹ ó wá sọ ọ́ níwájú adájọ́, a ó sì ti ọkùnrin yìí mọ́lé."

"Lọ́la?"

"Lọ́la, tàbí ọ̀túnla. Ó dọwọ́ adájọ́."

Nọ́ọ̀sì wo Ìyá Gbọ́tán. Ìyá náà mọ ìbéèrè tó wà lójú rẹ̀, kò sì fẹ́ kó béèrè rẹ̀ lẹ́nu. "Bó bá dúró gba ẹ̀tọ́ rẹ̀," ló sọ fún Sájẹ́ǹtì, "á jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ kó dúró ló borí. Fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn sápò."

"Olè la fẹ́ tú sílẹ̀ yìí, mà."

"Mo mọ̀."

Nọ́ọ̀sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mánéjà. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí ọkọ̀, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn awakọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí i.  Ó yí padà, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ wá wà wá lọ."

Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn. "Má fi èyí jẹ mí níyà. Jẹ́ kí Sájẹ́ǹtì tì mí mọ́lé."

"Kò sí àyè ìyẹn. Ẹ ó wà mí délé yín. Ẹ ó bá ọmọ gbé ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀. Ẹ ó sọ fún ìyàwó yín, ẹ̀yin fúnra yín, ìdí tí kò fi ní í rí wa mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ ó wà wá dé ẹnu ọ̀nà bàálù."

"Kí ni n ó sọ fún ọmọ náà lójú ọ̀nà?"

"Ẹ máa wo iwájú."

Ọkùnrin náà gba kọ́kọ́rọ́. Ó ti dàgbà lójijì. Ó jókòó sídìí ìwakọ̀. Ó wá nawọ́ sí ilẹ̀kùn iwájú kejì, ó ṣí i fún àbúrò rẹ̀ láti inú, ó sì gbá eruku kúrò lórí ìjókòó náà.

Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn náà padà. Ó ṣí ti ẹ̀yìn, ó wọlé, ó sì jókòó bí ẹni tó háyà awakọ̀ mọ́ ọkọ̀.